Lápálápá Òkúta

Lẹ́yìn ilé wa ní Ògìdì
àpáta kan wà tí a máa ń sá pákí sí.
Lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń jóni lẹ́sẹ̀ ju páànù lọ.
Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ wo ara rẹ̀ dáadáa:
àmì roboto, roboto,
òmíràn bí eérú tútù,
òmíràn bí páànù tó dógùn-ún,
òmíràn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí inú ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀.
Mo sáré wọlé:
“Bàbá, lápálápá ti mú àpáta!”

Ìbítóyè, gáàdì igbó ìjọba, kò rẹ́rìn-ín.
Ó fa fọ́nrán òwú kan yọ nínú agbọ̀n ìránṣọ ìyá mi,
ó ní kí n di orí kan mú,
ó na ìkejì gba àárín roboto kan kọjá,
ó fi eyín gé e.
Ó sọ ọ́ sínú agolo Bọ́nfíta
tòun ti bébà péńpé:
*Ọdún tí Ọmọ́lará wọ iléèwé.*

“Kì í ṣe àrùn,” ló wí.
“Ẹni méjì ló ń gbé ibẹ̀.
Olú mọ ilé kọ́, kò mọ oúnjẹ sè.
Ọbẹ̀dò mọ oúnjẹ sè,
ṣùgbọ́n bó bá dá wà ní gbangba, òùngbẹ ni yóò pa á.
Wọ́n bá kó sínú yàrá kan.
Oòrùn ni igi ìdáná wọn, ìrì ni omi.”
Mo ní, “Ta wá ni baálé?”
Ó ronú títí, ó fi àtàǹpàkò ra eruku kúrò.
“N ò tíì gbọ́ ìjà wọn rí.”

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti ń lọ, a ó wọ̀n ọ́n.
Lára férémù ilẹ̀kùn ìdáná, orí mi ti kọjá àmì mẹ́sàn-án;
òwú inú agolo kò tíì fi ìdajì hóró ìrẹsì gùn sí i.
Ó sú mi. Mo lọ sí Kàbà, mo lọ sí Lọ́kọ́ja,
mo bímọ, mo fẹ̀yìn tì.
Bàbá ń wọ̀n ọ́n lọ.

Ó fi hàn mí lẹ́ẹ̀kan, ọdún tí ojú rẹ̀ ń bàjẹ́,
ó ń fi ọwọ́ wá a kiri bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́:
ibi tí roboto kan ti gbó, tó ń ya,
iyẹ̀pẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀,
kò ju áṣáà tí ìka méjì lè bù lọ.
Koríko kan ti ta gbòǹgbò sínú rẹ̀.
Èèrà kan ń bẹ lórí koríko.
“Wo ebè iṣu tí à ń kọ yìí,” ló wí,
“ibí ni wọ́n ti bí ìyá ìyá rẹ̀.”

Àwọn afọ́kúta dé lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀.
Akoto àwọ̀ ọsàn, ọ̀dà pupa.
Wọ́n kọ *16* gàdàgbà sára àpáta náà,
ìrù ẹẹ́fà sì gba orí roboto bàbá mi kọjá.
Òkè kejì ti di ihò; eruku rẹ̀ ń bà lé pákí wa,
a ń gbọ̀n ọ́n, a ń jẹ ẹ́.
Ọmọkùnrin kan tó gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kí mi:
“Okun o, Màmá. Kí lẹ ń wọ̀n?”
Mo fi inú agolo hàn án.
Ó ka bébà mẹ́rin, márùn-ún.
Ó dé ọmọrí agolo padà jẹ́jẹ́,
ó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kò wẹ̀yìn.

Mo kúnlẹ̀. Oòrùn ti wọ ọ̀dà náà, ó ń rùn.
Mo na òwú láti etí tó kù sí etí tí mo rántí.
Ó jọ pé ó fi díẹ̀ ju ti èṣí lọ,
àbí ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n.
Mo fi eyín gé e.